Mo máa ń, mo máa ń: báwo lẹ ṣe ń kọ ti àtijọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì?

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, ẹ má sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ń kọ àròkọ kan tí wọ́n ní ká fi sínú fọ́ọ̀mù sikọ́láṣíìpù, wọ́n ní ká sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó tọ́ wa dàgbà, kò sì gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 500 lọ. Mo wá kọ nípa ìyá mi àgbà tí wọ́n din àkàrà l'Ókèhò. Mo kọ ọ́ tán, inú mi ń dùn ṣìnkìn, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Manchester pé kí wọ́n bá mi wò ó, àfi bí wọ́n ṣe dá a padà pẹ̀lú ìlà pupa káàkiri, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ bóyá màmá ṣì wà láyé àbí wọ́n ti kú. Màmá tó ti kú láti 2016! Wọ́n ní kí n lọ ka gírámà mi, ni wọ́n bá gba ibi iṣẹ́ lọ. Ìwé gírámà tó wà lọ́wọ́ mi sì rèé, bí ẹni ń ka òfin ìjọba ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí mo kọ:

"My grandmother use to wake up by 4 o'clock. She use to peel the beans and I use to carry the lamp for her. She would have a big black pot. She used to sell akara in that place for thirty years. I am used to blow the fire for her."

Níbo ni mo ti ṣì í? Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa ti fọ́ọ̀mù o.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Jù ú sínú AI jàre, kó tún un kọ fún ẹ, ó parí.

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Mo ti ṣe é. Ó sọ màmá mi di òyìnbó, ó ní òórùn àkàrà wọn ń jó lójú afẹ́fẹ́. Kí ló jó? Èéfín ló wà níbẹ̀.

Ìyá_Tíṣà
Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Gẹ̀ẹ́sì kí n tó fẹ̀yìn tì, àṣìṣe yìí wà lára èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé tí mo máàkì, kì í sì í ṣe pé orí àwọn ọmọ yẹn ò pé o, Yorùbá inú wa ló ń fà á. Gbọ́ mi dáadáa.

"Máa ń" tiwa ò mọ àná yàtọ̀ sí òní. Tí mo bá ní "Ìyá Àbẹ̀kẹ́ máa ń din àkàrà", ṣé ó ṣì ń dín in ni àbí ó ti fi sílẹ̀? O ò lè mọ̀, àfi tí mo bá fi "tẹ́lẹ̀" sí i, tàbí "láyé ìjọ́un", tàbí "nígbà tí mo wà ní kékeré". Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló ń sọ àsìkò fún ẹ. "Kì í" náà nìyẹn, "kì í jẹ ẹran", ó lè jẹ́ aládùúgbò mi tó wà nínú ilé báyìí, ó sì lè jẹ́ bàbá bàbá mi tí n ò bá láyé. Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tó ṣì ń lọ, wọ́n á kàn sọ ọ́ bó ṣe rí, "she fries akara every morning", tàbí kí wọ́n fi "usually" sí i. Èyí tó ti parí ni wọ́n gbé "used to" kalẹ̀ fún, tí wọ́n bá sì ti pè é, ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Àwa wá mú un, a yọ d ìdí ẹ̀, a sọ ọ́ di "máa ń", a wá ń fi sọ tàná, a ń fi sọ tòní. "I use to go to church every Sunday." Ọmọ Nàìjíríà gbọ́ ọ, ó mọ̀ pé o máa ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Òyìnbó gbọ́ ọ, ó ṣe é láàánú pé o ti kúrò nínú ìgbàgbọ́.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Yéè! Ìyá Tíṣà ẹ ti pa mí lẹ́rìn-ín 😂😂 Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn. Oṣù kejì tí mo débí, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ bi mí pé tí aláìsàn bá kọ̀ tí ò lo oògùn kí ni mo máa ń ṣe, mo dúró gbọin mo ní "I use to inform the doctor". Obìnrin yìí gbé gíláàsì ojú ẹ̀ wálẹ̀, ó wò mí, ó ní "And now?" Mo ní "Now too." Ó tún wò mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo sọ, inú bọ́ọ̀sì ni mo wà lọ́jọ́ kan tó sọ sí mi lọ́kàn, mo dá rẹ́rìn-ín bíi wèrè.

Kọ́lá_Mushin
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ṣùgbọ́n etí mi ò gbọ́ d yẹn rí o. Gbogbo òyìnbó tí mò ń wò nínú fíìmù, "use to" náà ni wọ́n ń pè.

Ìyá_Tíṣà
Etí ẹ ò parọ́. d yẹn àti t tó tẹ̀ lé e ti wọnú ara wọn, ahọ́n ò ráyè pe méjèèjì. Tún fetí sí s àárín yẹn. Nínú "I used a knife", ìyẹn mo lo ọ̀bẹ, òyìnbó ń pè é bíi z, ó ń kùn bí oyin. Nínú "I used to", s gidi ni, bíi ti "juice". Torí náà ẹnu ò ní tú ẹ fó, ọwọ́ ló máa tú ẹ fó: tó o bá ń kọ ọ́, d gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀. Ẹ̀yìn "did" nìkan ló ti máa ń kúrò: "did you use to", "she didn't use to", torí "did" ti gbé àná dání tẹ́lẹ̀, bó o ṣe ń sọ "did you go" tí o kì í sọ "did you went". Wàá rí "didn't used to" káàkiri o, kódà lọ́wọ́ àwọn tó ni èdè, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n fẹ́ fi fún ẹ ní máàkì, má dán an wò. Tó bá ń dà ẹ́ láàmú, kọ "never used to", d ẹ̀ á dúró síbẹ̀, ọkàn ẹ á balẹ̀.

Ọmọ_Ìjọ
Ẹ dúró ná mà, ẹ má bínú o. Bíbélì King James, Sáàmù 119 ẹsẹ 132: "as thou usest to do unto those that love thy name". Bí Olúwa ṣe máa ń ṣe ni, kì í ṣe bó ṣe ṣe tẹ́lẹ̀ tó wá fi sílẹ̀! Ta ló wá ní "use to" tòní ò sí?

Ìyá_Tíṣà
Ẹ ṣeun gan-an, mo fẹ́ràn irú èyí. Ó wà nígbà náà, lóòótọ́. 1611 ni wọ́n tẹ Bíbélì yẹn jáde, láyé ìgbà yẹn "use to" wà fún tòní, ó wà fún tàná. Nígbà tó yá ti òní kú, ti àná ló ṣẹ́ kù. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá fẹ́ jí i dìde, kó yáa fi "thou" sínú fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
"Thou shalt give me scholarship" 😂

Alápàlọ́_Peckham
Ẹ jẹ́ n dá sí ti "would", torí ibẹ̀ gan-an ni Yorùbá ti ń ràn wá lọ́wọ́ tá ò mọ̀. Ẹ wo bá a ṣe ń sọ ìtàn ilé wa lẹ́nu. A kì í pe "máa ń" láti òkè délẹ̀, ó máa sú ẹni tó ń gbọ́. Bá a ṣe ń sọ ọ́ rèé: "Nígbà yẹn màmá máa ń din àkàrà. Tó bá ti di aago mẹ́rin, wọ́n á jí, wọ́n á bó ẹ̀wà, èmi á gbé àtùpà dání, tó bá yá wọ́n á ní kí n gbé e súnmọ́ àwọn." Ẹ rí i? "Máa ń" ẹyọ kan ló ṣílẹ̀kùn, lẹ́yìn ìyẹn "á, á, á" ló ń bá ìtàn lọ. "Á" yẹn ni "would". Tó o bá ti lè gbọ́ "á" nínú Yorùbá ẹ̀, kọ "would". Tó bá jẹ́ "máa ń … tẹ́lẹ̀" lo gbọ́, "used to" ni.

Ẹ wá fi dán ìkòkò màmá Àbẹ̀kẹ́ wò. Ṣé ẹ lè sọ pé "tó bá ti di aago mẹ́rin, màmá á ní ìkòkò dúdú ńlá kan"? Kò bá ẹnu mu, àbí? Ìkòkò kì í ṣe ohun téèyàn ń ní láàárọ̀ tí ò ní ní in mọ́ lálẹ́. Ó wà ńbẹ̀ ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé bí nǹkan ṣe wà ló ń sọ, bíi níní, mímọ̀, fífẹ́ràn, gígbé ibì kan, "would" ò ṣe é lò fún un, ẹ lo "used to have", tàbí kẹ́ ẹ kọ "had" lásán kó lọ.

Ohun kejì, "would" kì í dá ṣílẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ òun lo fi bẹ̀rẹ̀, "My grandmother would fry akara", ẹni tó ń kà á á máa retí "if" pé tí kí ni? Tí ẹ̀wà bá wà? Tí òjò ò bá rọ̀? Fi àsìkò lélẹ̀ kó o tó lò ó.

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Ẹ̀yin bùọ̀dá Alápàlọ́, ẹ má kú! "Á" yẹn ti là mí lójú, tipẹ́tipẹ́ ni mo ti ń pè é tí n ò mọ̀ pé ó wúlò. Ti thirty years yẹn ńkọ́? "Used to" ni mo kúkú kọ, d sì wà ńbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tún fa ìlà pupa sí i.

Ìyá_Tíṣà
Torí pé o ti ka ọdún ẹ̀ ni. Tó o bá ti ní iye tó parí lọ́wọ́, ọgbọ̀n ọdún, ìgbà mẹ́ta, láti 1986 dé 2016, nǹkan yẹn ti di odindi kan tó ní orí tó ní ìdí, Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kó o sọ ọ́ lásán: "She sold akara there for thirty years." "I went to Ilorin three times." Má kọ "I used to go to Ilorin three times".

Kọ́lá_Mushin
"I used to play ball three times a week" ńkọ́ mà? Ìyẹn náà ní three times nínú.

Ìyá_Tíṣà
Ìyẹn dáa. "A week" ló gbà á là. Kò sọ iye ìgbà tó gbá bọ́ọ̀lù láyé ẹ̀, bó ṣe ń tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ló ń sọ. Ọmọ tó gbọ́n ni ẹ́, ìbéèrè yẹn ló máa ń ṣì wọ́n lọ́nà.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ti "I am used to blow the fire" ni kẹ́ ẹ jẹ́ n mú, torí mo jìyà ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, ìyẹn kì í ṣe "máa ń" rárá. "Ó ti mọ́ mi lára" nìyẹn. "I am used to the cold" = òtútù ti mọ́ mi lára (irọ́ ni o, kò tíì mọ́ mi lára, ọdún karùn-ún rèé). Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ló mọ́ ẹ lára, -ing ló ń tẹ̀ lé e: "used to blowing the fire". Tó bá ṣì ń mọ́ ẹ lára bọ̀, "getting used to". Ní tìrẹ, kí lo ní lọ́kàn gan-an? Ṣé o máa ń fẹ́ iná fún wọn ni, àbí iná fífẹ́ ti mọ́ ẹ lára?

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Mo máa ń fẹ́ ẹ fún wọn ni. Èéfín yẹn ló mọ́ mi lára nígbà tó yá, ojú mi kì í ṣomi mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ẹ̀n-ẹ́n! Kọ ìyẹn. Ìyẹn gan-an ló dùn.

Àǹtí_Croydon
Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ti UCAS tán, ìyẹn àròkọ nípa ara ẹni tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì níbí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan tá a kọ́ níbẹ̀. Lẹ́tà 4,000 péré ni wọ́n fún wọn, àyè tó wà láàárín ọ̀rọ̀ sì wà nínú kíkà, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọlé ní 2026 ni wọ́n sì ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta. Ọmọ yìí kọ "I used to" mọ́kànlá! Mo ní ká yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan ká wo èyí tí gbólóhùn máa ṣubú tí ò bá sí. Méjì péré ló ṣubú. Ìyókù, "every Saturday I went", "as a child I read", ti tó, every Saturday ti sọ fún wọn pé o máa ń lọ. Àyè tó ṣẹ́ kù gbà wá odindi gbólóhùn méjì sí i. Torí náà tìẹ tó jẹ́ ọ̀rọ̀ 500 yẹn, má fi "used to" jẹ ẹ́ tán.

Kọ́lá_Mushin
Èmi IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ni mò ń kà fún. Ní Part 2 ti sísọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọ́n máa ń fún ẹ ní ìṣẹ́jú kan kó o fi ronú, o lè sọ̀rọ̀ tó ìṣẹ́jú méjì, wọ́n sì fẹ́ràn kí wọ́n ní kó o sọ nípa ibi tó o ti ń ṣeré nígbà èwe tàbí olùkọ́ tó o rántí. Ọ̀nà "á" yìí ni mo máa gbà báyìí, màá sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ọkàn mi kí n tó la ẹnu.

Ìyá_Tíṣà
Ó dáa, ṣùgbọ́n má sọ gbogbo ẹ̀ ní Yorùbá nínú o, ìṣẹ́jú kan ò pọ̀. Mú àsìkò ẹ̀ nìkan: ó parí ni àbí ó ṣì ń lọ?

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń ṣe WAEC, ẹ fi sọ́kàn pé nínú máàkì 50 tó wà fún àròkọ, 10 wà lórí mechanical accuracy, ìyẹn kí gírámà àti sípẹ́lì má ní àṣìṣe, ìdajì máàkì ló sì ń lọ fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Ọmọ á ti kọ ìtàn tó dùn délẹ̀, "use to" á ti jẹ ẹ́ níbẹ̀ kó tó parí ojú ìwé kìíní.

Ọmọ_Ìjọ
Ẹ̀yin Ìyá, tí mo bá fẹ́ sọ nípa ẹni tó ń bí mi nínú ńkọ́? Bùọ̀dá mi kan wà nígbà tá à ń gbé face-me-I-face, gbogbo ìgbà ló máa ń yá ṣúgà wa tí kì í dá a padà.

Alápàlọ́_Peckham
"He was always borrowing our sugar." "Always" pẹ̀lú -ing, ó ń gbé ìbínú ẹ jáde láìjẹ́ pé o bú u. Tó o bá kọ "He used to borrow our sugar", ó dà bíi pé àánú ẹ̀ ń ṣe ẹ́.

Ọmọ_Ìjọ
Àánú ẹ̀ ò ṣe mí rárá.

Alápàlọ́_Peckham
Àbẹ̀kẹ́, ohun kan ló kù tí mo fẹ́ kó o ṣe, kì í ṣe ti gírámà nìkan. Gbogbo ohun tó o kọ yẹn, ojoojúmọ́ ni gbogbo ẹ̀. Màmá máa ń ṣe báyìí, màmá máa ń ṣe tọ̀hún. Ẹni tó ń kà á á mọ̀ pé màmá ṣiṣẹ́, kò ní rí màmá. Ojoojúmọ́ ò ní ojú. Wá ọjọ́ kan. "One morning", kó o wá fi "used to" àti "would" sílẹ̀ pátá, kó di "she did, she said". Bá a ṣe ń pàlọ́ náà nìyẹn, a ó ní Ìjàpá máa ń jalè, a ó wá ní "lọ́jọ́ kan". Ibi tí wọ́n bá ti gbọ́ "lọ́jọ́ kan" ni àwọn ọmọdé ti máa ń jókòó dáadáa. Ọjọ́ wo lo rántí?

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Àtùpà kú lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan, èmi ni mi ò bu kẹrosíìnì sí i. Mo rò pé wọ́n máa nà mí. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń bó ẹ̀wà wọn lọ nínú òkùnkùn, mò ń gbọ́ bí èèpo ṣe ń bọ́ sínú omi. Mi ò tiẹ̀ rò ó pé ó yẹ ní kíkọ.

Ìyá_Tíṣà
Kọ ọ́ kíákíá kí n tó bínú.

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Ẹ bá mi wò ó. Mo kọ ọ́ lórí fóònù nínú ọkọ̀:

"My grandmother used to fry akara at a junction in Okeho. She had a black pot that was older than my father. At four o'clock she would tap my foot, and I would hold the lamp while she peeled the beans. Later I would blow the fire. At first the smoke made me cry, but by the time I was nine I was used to it. She sold akara at that junction for thirty years. One morning the lamp went out in my hand because I had forgotten the kerosene. I waited for her to shout. She did not stop. In the dark I could hear the skins coming off into the water."

Nọ́ọ̀sì_Leeds
Ojú mi ti ṣomi, èmi tí èéfín ò fẹ́.

Ìyá_Tíṣà
"Used to" kan, "would" mẹ́ta, ìyókù ti dúró fúnra ẹ̀. "Was used to it" yẹn, máàkì ńlá. Tèmi ni pé kó o yọ ẹyọ "would" kan, kó o kọ "Later I blew the fire".

Alápàlọ́_Peckham
Mo yapa sí yín níbẹ̀ mà. "Blew" á dà bí ẹni pé lọ́jọ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kan ò tíì dé níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà.

Ìyá_Tíṣà
Hmm. Mo ti tún un kà. Ó dáa, mo gbà.

Àbẹ̀kẹ́_Òkèhò
Ẹ̀gbọ́n mi ti dáhùn láti Manchester. Kò sí ìlà pupa kankan. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé àtùpà kú lọ́jọ́ yẹn, àwọn rò pé àwọn nìkan ló ti pa àtùpà màmá rí. Mo ti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ọmọ_Alágbẹ̀dẹ
Ẹ kú iṣẹ́ gbogbo yín. I use to enjoy this place gan-an ni.

Nọ́ọ̀sì_Leeds
And now?